Sátidé Kan, Eré-ìje Méjì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rò ó bóyá kí ẹ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Mi ò ní í pẹ́ jù, torí èmi gan-an kì í lè jókòó pẹ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti fi sípánà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ara mi kò tíì gbọ́. Bí tírélà bá ń kọjá ní Liverpool Road, tí mo wà lórí àga níwájú ilé ọmọ mi, màá ti dìde kí n tó mọ̀ pé mo dìde. Màá ní, "Ìyẹn, bẹ́líìtì rẹ̀ ti fẹ́ já." Ọmọ mi obìnrin á ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, kì í ṣe ọkọ̀ yín." Òótọ́ ló sọ. Màá jókòó. Láìpẹ́, màá tún dìde.

Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀. Ọkọ̀ akérò, ọkọ̀ ẹrù, ọkọ̀ eré-ìje, kò sí èyí tí ọwọ́ mi kò kàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ Sátidé kan ṣoṣo kúrò nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, èmi kọ́ ni ẹ̀ ń wò yìí mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà débẹ̀.

Ṣakí ni bàbá mi ti wá sí Èkó, ó ń ru ẹrù ní wáàfù. Yàrá kan la ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, àwọn Íjọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa, àwọn Ùròbò lọ́wọ́ òsì, àwọn Íbò lẹ́yìn ilé. Ibi tí mo ti gbọ́ Yorùbá náà ni mo ti gbọ́ "wetin happen". Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́fà, bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ ará Ìsẹ́yìn kan tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ní ẹ̀gbẹ́ Creek Road. Ọ̀rọ̀ wọn kò gùn. Bàbá mi ní, "Ọ̀gá, mo ti fi í sílẹ̀ fún yín. Bó bá sá wálé, màá dá a padà." Bí mo ṣe dọmọ iṣẹ́ nìyẹn.

Búráímọ̀ ni orúkọ ọ̀gá mi, ṣùgbọ́n gbogbo Àpápá ló ń pè é ní Túnunṣe. Ìdí ni pé bí o bá ṣe iṣẹ́ kan tán, tó wò ọ́ lójú, tí ojú rẹ kò dúró, gbólóhùn méjì ló máa sọ: "Tú u. Tún un ṣe." Kì í pariwo, kì í na èèyàn. Ó ní òfin kan tí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ rú u. Ẹni méjì ló máa ń fọwọ́ kan gbogbo nọ́ọ̀tù. Ẹni tó dè é á ní, "Mo dè é." Ẹlòmíì á mú sípánà tirẹ̀, á dán an wò, á ní, "Mo wò ó." Bí a kò bá gbọ́ ohùn méjèèjì, ọkọ̀ yẹn kò ní í jáde, ì báà jẹ́ ọkọ̀ ọba. "Mo rò pé" kò sí lára èdè tí a ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù náà. Bó bá bọ́ sí ọ lẹ́nu, o máa gbálẹ̀ gbogbo ọgbà.

Lọ́dún kejì mi, mo fi ọwọ́ lásán dè nọ́ọ̀tù kan lára táyà ọkọ̀ píkọ́ọ̀bù kan, mo gbàgbé rẹ̀, mo lọ mu ẹ̀kọ. Ọ̀gá ló rí i kí onímọ́tò tó dé. Ó tú táyà náà, ó ní kí n gbé e rù. Ó ní ká máa lọ sílé wa. Láti Creek Road dé inú Ajégúnlẹ̀, lójú oòrùn ọ̀sán, táyà lórí mi, Ọ̀gá lẹ́yìn mi pẹ̀lú fìlà rẹ̀, tó ń rìn bí ẹni ń lọ kí àna. Àwọn èèyàn ń béèrè pé, "Wetin the pikin do?" A débẹ̀, ìyá mi rí wa, ó fọwọ́ bo ẹnu, a sì tún yí padà. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, ọrùn mi ti fẹ́ wọnú àyà. Ọ̀gá ní,

"Rájí, ṣé ó wúwo?"

"Ó wúwo, sà."

"Òkú èèyàn wúwo jù ú lọ. Lọ wẹ̀."

Ọdún mẹ́fà ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣe fírídọ́ọ̀mù fún mi, wọ́n gbàdúrà, mo sì tún bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀ sí i kí n tó ní ṣọ́ọ̀bù tèmi.

Àsìkò yẹn ni eré-ìje wọ inú ayé wa. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté gbé mọ́tò kékeré kan wá, ó kúrú, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kó sáré ju bó ṣe ń sáré lọ. Ọ̀gá wò ó títí, ó ní, "Ta ló ń lé yín?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó tan ẹ́ńjìnnì náà, tí ó fọwọ́ kan kábúrétọ̀ rẹ̀ níbí, tó fọwọ́ kàn án lọ́hùn-ún, tí ohùn ọkọ̀ náà mọ́ bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi tútù, mo rí i pé ojú Ọ̀gá yí padà. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fi mọ́tò sáré ní Èkó, ọ̀dọ̀ wa ló ń wá.

Eré-ìje ńlá méjì ló wà lọ́dún. Ọ̀kan ni eré ọ̀nà jíjìn: Àpápá ni wọ́n á ti gbéra, wọ́n á gba Abẹ́òkúta, wọ́n á dé Ìsẹ́yìn, wọ́n á padà wálé. Oṣù Kọkànlá ni tiwọn, nígbà tí òjò ti lọ. Èkejì ni eré àyíká: ilẹ̀ gbọọrọ kan wà lójú ọ̀nà Badagry tí ilé iṣẹ́ kan pa tì, wọ́n da ọ̀dà sí i, mọ́tò á máa yí i ká ní ogún ìgbà. Oṣù Kejì ni tiwọn. Ìgbìmọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń darí wọn, wọn kò sì fẹ́ràn ara wọn. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta wà láàárín eré méjèèjì, mẹkáníìkì lè mí.

Ṣọ́ọ̀bù mi ní Ajégúnlẹ̀ ni Ebiere ti bá mi. Ọmọbìnrin Íjọ̀ ni, bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ojú omi lọ sí Snake Island. Àwa Yorùbá àdúgbò máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló ń sọ ọmọ ní "Ebi", òun á sì ní lédè àwọn, ohun rere ni. Ó ń wa bọ́ọ̀sì ẹrù fún aṣojú kan tó ń gba ẹrù jáde ní wáàfù. Ó gbé bọ́ọ̀sì náà wá lọ́jọ́ kan, kò sọ ohun tó ń ṣe é, ó kàn ní kí n jókòó ti òun. Ó wà á yí àdúgbò ká. Mo ti jókòó ti awakọ̀ púpọ̀, mi ò tíì rí ẹni tó ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dúró, ó ní, "Bọ̀dá Rájí, this motor fit run. Na fear dey hold am."

Ọdún méjì la fi kó ọkọ̀ eré-ìje tirẹ̀ jọ láti ara àlòkù. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wọ eré àyíká, ó gba ipò kẹrin nínú ogún ọkọ̀. Ajégúnlẹ̀ gbé e lé èjìká. Gbogbo ẹnu ló ń sọ pé lọ́dún tó ń bọ̀, òun ni.

Ọdún tó ń bọ̀ yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Epo bẹntiróòlù wọ́n gan-an ní ìparí ọdún náà. Àwọn ọlọ́nà jíjìn kò rí epo tí wọ́n máa fi sáré, wọ́n sún eré wọn síwájú. Sátidé tí wọ́n sún un sí nínú oṣù Kejì, Sátidé yẹn gan-an ni ti àwọn aláyìíká. Àwọn aláyìíká ní àwọn ló ni ọjọ́. Àwọn ọlọ́nà jíjìn ní àwọn ti pe àwọn èèyàn ńlá, àwọn kò lè tún wọn pè. Wọ́n ránṣẹ́ síra wọn, wọ́n bú ara wọn. Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ fún ẹnì kejì, ni wọ́n bá fi idà gé gbogbo wa sí méjì: àwọn tó ń ju àsíá, àwọn tó ń ka aago, dókítà, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn. Àwa mẹkáníìkì náà.

Mo ti ṣèlérí fún Ebiere láti ọdún tó kọjá pé èmi ni màá múra ọkọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá sí eré náà, Ọ̀gá Búráímọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ nígbà náà. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní,

"Rájí, èmi kò tíì bẹ̀ ọ́ rí."

"Ẹ má bẹ̀ mí, sà. Ẹ pàṣẹ."

"Tájù fẹ́ wọ eré ọ̀nà jíjìn." Tájù ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo. "Ojú mi kò lè wo ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Bá mi múra ọkọ̀ náà, kí o sì dúró tì í títí wọ́n á fi ju àsíá."

Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, ta ló máa sọ pé rárá? Mo ní, "Ó ti parí, sà." Mi ò dárúkọ Ebiere. Nígbà tí Ebiere sì bi mí bóyá òótọ́ ni ohun tí òun gbọ́ pé eré méjì ti bọ́ sọ́jọ́ kan, mo ní kó má dá ara rẹ̀ láàmú. Mo ti ṣírò rẹ̀. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n máa ju àsíá ní Àpápá, aago kan ọ̀sán ni eré àyíká. Wákàtí mẹ́fà! Mo ní mo lè lọ jẹun láàárín wọn. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tó lé eku méjì á pòfo, ṣùgbọ́n nígbà téèyàn bá lágbára lẹ́sẹ̀, ó máa rò pé àwọn aláìlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń bá wí.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, mo wà lábẹ́ ọkọ̀ Ebiere, mò ń pààrọ̀ họ́ọ̀sì bíréèkì iwájú, rọ́bà tí epo bíréèkì ń gbà kọjá. Mo ti dè ti ọ̀tún. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ ti òsì ni wọ́n sáré wá pè mí pé wọ́n ti yí àkókò àyẹ̀wò ọkọ̀ padà ní Àpápá, pé bí ọkọ̀ Tájù kò bá débẹ̀ láàárín wákàtí kan, wọ́n á yọ ọ́. Mo nu ọwọ́, mo dìde. Mo sọ fún ara mi pé, "Màá parí rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la ní pápá." Mo lọ.

Ní Sátidé, aago méje lù, wọn kò ju àsíá. Èèyàn ńlá kan tí wọ́n ń retí kò tíì dé. Aago mẹ́jọ lù. Ọ̀gá di ọwọ́ mi mú, ó ń bi mí léraléra pé, "Ó ti dé?" Ẹsẹ̀ mi kò dúró lójú kan. Mo ń wo aago, mo ń wo ojú ọ̀nà, mo ń wo aago. Ó lé díẹ̀ ní aago mẹ́wàá kí wọ́n tó ju àsíá. Bí Tájù ṣe ń lọ ni èmi náà gbé àpótí irinṣẹ́ mi, mo sáré.

Tírélà ti dí gbogbo ọ̀nà, wọ́n tò láti Tin Can dé ibi tí ojú kò lè rí. Mo gun ọ̀kadà, ọ̀kadà há. Mo sọ̀kalẹ̀, mo gbé àpótí rù, mo rìn láàárín tírélà, mo tún rí ọ̀kadà mìíràn. Nígbà tí mo dé pápá, ọkọ̀ ti tò sórí ìlà, gbogbo ẹ́ńjìnnì ti ń hó. Ebiere ti wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, akoto lórí. Ó rí mi, ó yọ orí sí wíńdò.

"Bọ̀dá Rájí! I don dey find you since morning. Bíréèkì yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ti wò ó?"

Ọkùnrin tó di àsíá mú ti gbé ọwọ́ sókè. Bí mo bá ní mi ò tíì wò ó, ó máa sọ̀kalẹ̀, ọdún kan gbáko sì ti lọ nìyẹn. Mo rántí pé mo ti fi ọwọ́ dè é. Mo rò pé ó máa dúró. Ẹnu mi sì ní,

"Mo ti wò ó."

Ó mi orí pé òun gbọ́. Kò tún bi mí ní ohun kankan. Àsíá bọ́ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀tù tí a fi ọwọ́ dè máa ń dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ìyẹn ni ewu rẹ̀. Ìgbà márùn-ún ló yí pápá náà ká, ó ti kọjá ọkọ̀ mẹ́ta, àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ ń pariwo orúkọ rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ parí ìkẹfà, mo rí ohun kan tó ń dán lójú ọ̀dà níbi tó ti kọjá. Epo bíréèkì ni. Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo ń jù ú sókè, mo ń sáré, mo ń kígbe pé kí wọ́n dá a dúró. Gbogbo èèyàn ló ń kígbe lọ́jọ́ yẹn, ta ló máa gbọ́ tèmi? Ó dé kọ́nà, ọkọ̀ náà kò dín eré kù rárá. Ó kọlu àwọn dúrọ́ọ̀mù oníyanrìn, ó dojú dé, ó tún dojú dé lẹ́ẹ̀kejì.

Ọkọ̀ méjì tó ń gbé aláìsàn ló máa ń wà ní pápá náà. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀kan ti bá àwọn ọlọ́nà jíjìn lọ. Èyí tó kù ti gbé obìnrin kan tí oòrùn mú lọ sílé ìwòsàn. Dókítà tó mọ̀ nípa egungun, ọ̀nà Ìsẹ́yìn ló wà. A yọ Ebiere, a tẹ́ ẹ sórí pátákó bẹ́ǹṣì kan lẹ́yìn píkọ́ọ̀bù. Mo di orí rẹ̀ mú sáàárín ọwọ́ mi méjèèjì. Ó ń sọ Íjọ̀, mi ò gbọ́ ọ. Ojú ọ̀nà dí pa lọ́jọ́ náà. Wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Dókítà tó ṣe é sọ fún wa, ohùn rẹ̀ rọra, pé bóyá wọn ì bá má gé e bí a bá ti tètè dé.

Ìgbìmọ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka síra wọn. Àwọn aláyìíká ní àwọn ọlọ́nà jíjìn ló gba dókítà àwọn, àwọn ọlọ́nà jíjìn ní kò sẹ́ni tó ní kí àwọn aláyìíká sáré lọ́jọ́ náà. Nípa ọkọ̀, gbogbo ènìyàn ní táyà ló bẹ́. Kò sẹ́ni tó yẹ irin tó run náà wò. Èmi nìkan ló rà wọ abẹ́ rẹ̀. Mo rí nọ́ọ̀tù náà. Ó ti yọ pátápátá.

Mi ò lè jẹun, mi ò lè jókòó. Bí mo bá ń ṣiṣẹ́, màá fi sílẹ̀, màá rìn dé Boundary, màá padà. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo lọ bá Ọ̀gá. Tájù ti gba ipò kẹta, àwọn èèyàn ṣì ń wá kí wọn kú oríire. Mo dúró títí àlejò fi lọ, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní,

"Ta ló wò ó lẹ́yìn rẹ?"

"Kò sẹ́ni, sà."

"Ta ni o parọ́ fún?"

"Ebiere, sà."

"Ẹnu tí o fi parọ́ náà ni o máa fi sọ òtítọ́. Èmi kò ní í bá ọ lọ." Ó ń fọwọ́ wá ọ̀pá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ó wá ní, "Èmi náà jẹ̀bi. Mo mọ̀ pé o ní ọkọ̀ mìíràn lọ́jọ́ náà. Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, torí ọmọ mi ni."

Mi ò tíì gbọ́ kí ọkùnrin yẹn sọ pé òun jẹ̀bi rí. Ó dùn mí ju ìgbátí lọ.

Mo lọ sílé ìwòsàn. Ìyá Ebiere wà níbẹ̀, ó dìde fún mi kí n jókòó. Mi ò jókòó. Mo sọ fún Ebiere pé kì í ṣe táyà. Mo sọ fún un nípa Jímọ̀, mo sọ nípa nọ́ọ̀tù, mo sọ pé mi ò wò ó. Ebiere kò sunkún. Ó wò mí títí.

"You look my face," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bí ẹ bá ní ẹ ò tíì wò ó, I for come down. Màá bínú, màá sunkún, but I for come down. Na my leg. You no gree make I choose." Ó yí ojú sí ògiri. "Ẹ máa lọ, Bọ̀dá Rájí."

"Ẹ" yẹn tó ṣì fi ń bá mi sọ̀rọ̀, ó gún mi ju èébú lọ. Mo jáde. Lọ́sẹ̀ yẹn, mo dìde ní ìpàdé àwọn mẹkáníìkì, mo sọ ohun kan náà lójú gbogbo ènìyàn.

Kò tún sí ọkọ̀ eré-ìje tó wá sọ́dọ̀ mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tún tírélà ṣe ní Creek Road. Ọ̀gá kú láàárín ìgbà yẹn, Tájù ló wá sọ fún mi. Iṣẹ́ náà ń yí padà lójú mi. Kábúrétọ̀ tí mo fi ọdún mélòó kọ́ ohùn rẹ̀ di ohun tí wọ́n ń tà fún àwọn oníirin. Kọ̀ǹpútà wọ inú mọ́tò. Àwọn ọ̀dọ́ á gbé ẹ̀rọ tó tó ọwọ́ lásán, wọ́n á kì í bọ abẹ́ sítíárìn, nọ́ńbà á jáde, wọ́n á ní, "Bàbá, sẹ́ńsọ̀ ni." Mo bá wọn jà, mo fi wọ́n ṣẹ̀sín, nígbà tó yá mo ra tèmi ní àlòkù, mo lọ jókòó ti ọmọ tó kéré sí ọmọ mi kó kọ́ mi. Ẹ gbọ́, ẹ̀rọ yẹn dára. Ṣùgbọ́n kò tíì sí èyí tó máa sọ fún ọ pé nọ́ọ̀tù kan kò le. Ọkọ̀ ọ̀tọ́mátíìkì, tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, tí ẹsẹ̀ òsì kàn ń jókòó lásán, ni mo bú jù lọ. Mo ní ọkọ̀ ọ̀lẹ ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró níwájú mi. Ẹni tó wà á sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Ebiere ni. Sípánà bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ̀ bóyá kí n kúnlẹ̀ tàbí kí n sá.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá Rájí. Èmi ni akọ̀wé eré àyíká báyìí."

"Mo gbọ́. O kú iṣẹ́."

"Mo ń wá ẹni tó máa yẹ ọkọ̀ wò kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó lè sọ pé rárá, tí kò ní í yí i padà."

"Èmi kẹ̀? Mẹkáníìkì pọ̀ ní Àpápá."

"Wọ́n pọ̀. Gbogbo wọn rò pé irú ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ sí àwọn." Ó na ìwé kan sí mi. "I never forgive you finish o. Na work I bring."

Bí mo ṣe padà nìyẹn. Òun náà ló mú ìgbìmọ̀ méjèèjì wá sídìí tábìlì kan. Lọ́dọọdún, wọ́n á tẹ́ kàlẹ́ńdà sílẹ̀, wọ́n á rí i dájú pé ọjọ́ wọn kò pàdé. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ṣe é bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà, títí di ọdún tí mo ṣe kẹ́yìn.

Lọ́dún yẹn, òjò àìròtẹ́lẹ̀ bo pápá, eré àyíká kò lè wáyé. Ilé iṣẹ́ tó ń gbé bùkátà rẹ̀ ní Sátidé kan ṣoṣo ló rọ àwọn lọ́rùn. Sátidé náà jẹ́ ti àwọn ọlọ́nà jíjìn. Ìgbìmọ̀ gbà. Ebiere fọwọ́ sí i, ó fi ìwé ránṣẹ́ sí mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo dìde, mo lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ebiere, mi ò ní í fọwọ́ sí ọkọ̀ kankan lọ́jọ́ yẹn."

"Bọ̀dá, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Bí a kò bá ṣe é lọ́jọ́ yẹn, àwọn yẹn máa kúrò. Eré yìí á kú."

"Kó kú."

Ó dìde. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ mi? Ẹsẹ̀ ta ni wọ́n gé?"

Mo ní,

"Ẹsẹ̀ rẹ ni. Èmi ni mo fà á. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọwọ́ mi kò fi lè kọ ọ́. Ọkọ̀ aláìsàn mélòó lo ní lọ́jọ́ náà?"

Ó wo ìwé iwájú rẹ̀. "Ọ̀kan."

"Dókítà ńkọ́?"

Ó yí ìwé náà dojú dé.

"Dókítà ńkọ́, Ebiere?"

"Ó ti gbà láti bá àwọn ọ̀hún lọ." Ó jókòó. "Ẹ jáde, ẹ jọ̀ọ́."

Ọjọ́ méjì ni mo fi rìn kiri Àpápá bí ẹni tó sọ ọmọ nù. Lọ́jọ́ kẹta, fóònù mi dún. Ó ní, "Mo ti sún un sí ọ̀sẹ̀ kejì. The company don comot. Kò ní í sí tẹlifíṣàn, kò ní í sí ìwé ìròyìn. Mi ò mọ iye ọkọ̀ tó máa wá." Ó pa á kí n tó sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ méje ló wá. Èrò ìwòran kò ju èrò ìsìnkú tálákà lọ. Mo wo gbogbo ọkọ̀ méjèèje, mo dá ọ̀kan padà, wọ́n tún un ṣe, mo tún un wò. Ní ìyípo kẹsàn-án, ọkọ̀ kan yọ̀ kúrò lójú ọ̀dà, ó kọlu yanrìn, ó dojú dé. Ṣùgbọ́n eruku kò tíì rọlẹ̀ tí ọkọ̀ aláìsàn fi débẹ̀, dókítà sì ti bẹ́ sílẹ̀. Egungun èjìká ló kán. Awakọ̀ náà ń bá dókítà jà pé kó jẹ́ kí òun padà sínú eré.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ náà dára, ó máa bọ́ yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá ìfọ̀kànbalẹ̀, ẹ lọ kọ́ òmíì. Ọkàn tó bá balẹ̀ jù nídìí mọ́tò, ọmọ ẹlòmíì ló máa sanwó rẹ̀.

Lẹ́yìn eré náà, Ebiere ní kí n wọlé, òun máa gbé mi dé Ajégúnlẹ̀. Mi ò tíì jókòó sínú ọkọ̀ tí òun ń wà láti Sátidé yẹn. Mo wọlé, mo de bẹ́líìtì. Ojú ọ̀nà dá lójijì, tírélà ti lọ sápá kan. Ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ tọ́tù, ọkọ̀ náà fò síwájú, mo fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú. Ó wò mí.

"Bọ̀dá Rájí, ẹ̀rù ń bà yín?"

"Ó ń bà mí."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó jinlẹ̀, tí mi ò gbọ́ láti ọdún gbọọrọ. Ó tún tẹ ẹ́ sí i. Mi ò ní kó rọra. Òun ló ń wa ọkọ̀.